Ta Ni Ó Ni Fágúnwà?

Ta ni ó ni D. O. Fágúnwà? Àwọn òǹkàwé ń du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn kan nínú àwọn Kirisitẹni gbà pé oníwàásù ni, pé ìtàn ni ó fi ń pe èrò sí ìwàásù. Àwọn tí àṣà ìbílẹ̀ jẹ lógún ní ọmọ ìṣẹ̀ṣe ni, pé aṣọ ìjọ lásán ni ó dà bora.

Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ ìhà méjèèjì. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. gbé jáde ní 1938, àjẹ́ ni ìyá Akàrà-ogun, ọdẹ olóògùn sì ni baba rẹ̀. Oògùn kò wọ́n lọ́wọ́ òun náà; síbẹ̀, a máa ké pe Ọlọ́run nígbà ìpọ́njú. Nígbà tí ó sì dé Òkè Lángbòdó, ọjọ́ méje ni Ìrágbèje fi kọ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ìwà.

Orúkọ òǹkọ̀wé náà gan-an ń sọ̀rọ̀. Oròwọlé ni a sọ ọ́ ní Òkè-Igbó ní 1903. Nígbà tí ó yá, ó di Ọlọ́runfẹ́mi. Ṣùgbọ́n Ifá wà nínú Fágúnwà títí ó fi kú ní 1963.

Bẹ́ẹ̀ náà ni irúnmalẹ̀. Lẹ́nu onífá, òrìṣà ni. Létí ọmọ ìjọ, ẹ̀mí èṣù ni. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà ní 1968, ó mọ̀ọ́mọ̀ yí sípẹ́lì ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ẹ̀mí èṣù padà, kí ó lè sún mọ́ ohun tí Yorùbá ń pè ní imalẹ̀.

Ẹni tí ó bá yọ ìwàásù kúrò nínú ìwé yìí ti pa Ìrágbèje lẹ́nu mọ́. Ẹni tí ó bá yọ iwin kúrò, igbó wo ni àwọn ọdẹ yóò là kọjá?

Nínú kíláàsì kan náà ni ọmọ Kirisitẹni, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ onífá ti ń kà á. Bí olùkọ́ bá fa Fágúnwà lé ìhà kan lọ́wọ́, ó ti sọ àwọn yòókù di àlejò nínú ìwé èdè abínibí wọn. Kí olùkọ́ ka ìtàn náà sókè, kí ó sì bi wọ́n pé: kí ni Akàrà-ogun gbẹ́kẹ̀ lé níhìn-ín? Ìdáhùn yóò máa yàtọ̀ láti ojú ewé dé ojú ewé. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.