Ta Ni Yóò Ka Ìwé Ẹ̀rí Náà Sí? Akẹ́kọ̀ọ́ Oyè Gíga àti Ẹ̀kọ́ Àtòkèèrè

A máa ń gbọ́ ọ pé àwọn tó ń wá oyè másítà àti oyè ọ̀mọ̀wé kò tíì gbaradì fún ẹ̀kọ́ àtòkèèrè. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dé ìpele yẹn ti mọ bí a ṣe ń dá ìwé kà láìsí olùkọ́ lẹ́yìn ẹni. Púpọ̀ wọn ló ń ṣiṣẹ́ oṣù, tó ń bọ́ ìdílé, tí kò sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ máa gbé inú ọgbà yunifásítì. Àwọn gan-an ni ẹ̀kọ́ yìí bá lára mu jù. Ohun tó ń fà wọ́n sẹ́yìn ni bí wọn kò ti mọ ẹni tí yóò ka ìwé ẹ̀rí náà sí bí wọ́n bá gbà á tán. Ní 1989, Fred Davis, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lórí ohun tó ń mú kí èèyàn gba ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lò, ó sì rí i pé àǹfààní tí wọ́n rò pé ó wà níbẹ̀ wúwo ju ìrọ̀rùn lílò rẹ̀ lọ. Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀kọ́: èèyàn á fara da íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń já bó bá dá a lójú pé oyè náà yóò wúlò.

Ẹ wo Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Nílé níbí ló ti dá kàwé gba oyè ìmọ̀ òwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, nígbà tí kò sí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oyè Lọ́ńdọ̀nù ni, bíi ti ẹni tó lọ jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù gan-an. Nígbà tó wá kan tiwa ní Nàìjíríà, ìjọba Ààrẹ Shagari dá National Open University sílẹ̀ ní 1983, àwọn ológun tì í ní 1984, Ààrẹ Ọbásanjọ́ tún un ṣí ní 2002. Òun fúnra rẹ̀ lọ kàwé níbẹ̀, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2018 lẹ́yìn tó ti pé ọgọ́rin ọdún. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó gba oyè òfin níbẹ̀ kò rí àyè wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà, torí pé òfin tó dá yunifásítì náà sílẹ̀ fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ wé ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́kọ́. Ìparí 2018 ni wọ́n tó tún òfin náà ṣe. Ìgbaradì akẹ́kọ̀ọ́ wo ni ì bá yanjú ìyẹn?

Àwọn kan á ní iná kò dúró, owó dátà sì wọ́n. Òótọ́ ni, àmọ́ owó ilé àti owó ọkọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ inú ọgbà ń san náà ò kéré. Èyí tó wúwo lójú mi ni ti àwọn tó ní iṣẹ́ ìwádìí dà bí iṣẹ́ ọwọ́, pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá lèèyàn ti ń kọ́ ọ. Mo gbà fún wọn ní ti kẹ́mísìrì, nítorí púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ni kò ṣe é ṣe láìdé láàbù. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ èdè tàbí ìtàn, ohun tí ọ̀gá ń ṣe ni pé ó ń ka ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ, ó ń tọ́ka àléébù rẹ̀, ó sì ń dá a padà fún un. Ìyẹn kò ní kí àwọn méjèèjì wà nínú yàrá kan náà; ó kàn ní kí ọ̀gá má jókòó lé iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lórí ni. Kí yunifásítì kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ iye ọ̀sẹ̀ tí alábòójútó ní láti fi ka orí kan kó sì dá a padà, kí ìwé ẹ̀rí akẹ́kọ̀ọ́ àtòkèèrè má sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yàtọ̀ sí ti akẹ́kọ̀ọ́ inú ọgbà.