Kíkọ́ Ọmọ ní Ìwé tí Àgbà Ń Sá Fún

Ọ̀rọ̀ ìwé kan ni mo bá wá, ìwé Amẹ́ríkà tí à ń pè ní Invisible Man. Ralph Ellison ni ó kọ ọ́. Ó jáde ní 1952. WAEC yàn án fún ìdánwò láti 2021 dé 2025, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ wa ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó sì bọ́ sí ọwọ́ èmi tíṣà wọn.

Bí a bá túmọ̀ orúkọ rẹ̀, yóò di Ẹni tí a kò rí. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sí pátákó ní Ọ̀yọ́, ọmọkùnrin kan nawọ́, ó ní, “Sà, ṣé àfẹ́ẹ̀rí ni ó lò ni?” Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí ó lo àfẹ́ẹ̀rí ni ó fi ara rẹ̀ pamọ́ fún ayé. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú inú ìwé yìí yàtọ̀: gbangba ni ó dúró, àwọn ènìyàn ni kò fẹ́ rí i. Wọ́n wo àwọ̀ rẹ̀, wọn kò wo òun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin, a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí a ti ń sọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, tí ìyá àgbà ń fi oríkì jí ọmọ ọmọ rẹ̀, kò sí ìyà tí ó tètè yé àwọn ọmọ mi tó èyí.

Ibì kan tún wà tí wọ́n fẹ́ràn. Ọmọ náà dé Harlem ní New York, òtútù mú un, ó bá bàbá kan tí ń ta iṣu gbígbóná lójú pópó. Ó rà á, ó ń jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà, ojú kò sì tì í mọ́ pé oúnjẹ ilé òun ni. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá epo wà níbẹ̀. Mo ní bọ́tà ni, àti pé ànàmọ́ ni wọ́n ń pè ní iṣu lọ́hùn-ún. Ó dùn wọ́n díẹ̀.

Orí kejì ni ó le. Níbẹ̀ ni àgbẹ̀ tálákà kan, Trueblood, ti ń ròyìn fún Mr. Norton, olówó òyìnbó, bí òun ṣe fún ọmọ bíbí inú òun lóyún. Ní Amẹ́ríkà gan-an, òbí kan fi ìwé náà sùn ní Randolph County, North Carolina. Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kó o kúrò ní láíbírì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013. Oṣù náà kò tíì parí tí wọ́n fi dìbò dá a padà. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ èyí, Native Son ti Richard Wright ni à ń kọ́ wọn. Ìpànìyàn méjì wà nínú ìyẹn, síbẹ̀ kò sí òbí kan tí ó wá bá mi.

Ní ọdún àkọ́kọ́, mo ní kí àwọn ọmọ fo orí kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe tíṣà rí mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀: kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tí kò ka orí kìn-ín-ní rárá ti ka orí kejì tán. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ní kọ̀rọ̀, kò sì sí àgbà tí ó bá wọn sọ ọ́. Ẹ̀bi mi ni.

Ní ọdún kejì, ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo pinnu láti kọ́ wọn. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin gbọ́, ó ti ìsọ̀ rẹ̀ wá. “Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ohun tí mo ń sanwó fún nìyí?” Mo ní, “Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì lónìí, kí ẹ gbọ́ bí a ó ṣe kà á.” Ó jókòó, ó di apá mọ́ra.

Mo ka ibi tí ó ṣeé kà sókè, mo fi ẹnu sọ ìyókù. Mo fi hàn wọ́n pé lẹ́yìn ìtìjú yìí ni àwọn òyìnbó agbègbè náà ń ran Trueblood lọ́wọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí Norton sì fún un ní ọgọ́rùn-ún dọ́là. Mo bi wọ́n pé kí ni ìdí rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní ohun tí wọ́n ti ń rò nípa aláwọ̀ dúdú ni wọ́n gbọ́, ni ó ṣe dùn mọ́ wọn. Ó járe.

Nígbà náà ni ọmọbìnrin ìyá yìí dìde. Ó ní, “Sà, bàbá sọ tirẹ̀, òyìnbó gbọ́, ó sì sanwó. Ọmọ náà ńkọ́? Ta ni ó bi í léèrè?”

N kò ní èsì. Mo ti ka orí náà tó ìgbà mẹ́fà, n kò ronú kan Matty Lou rí. Ìwé ẹni tí a kò rí ni mo ń kọ́ wọn, èmi alára kò sì rí i. Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé padà, kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Ìwọ̀nba tí a rí, ẹnu bàbá rẹ̀ ni ó gbà wá. Òun àti ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ lágbàlá, àwọn ọkùnrin ń sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin mìíràn wá bi mí, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, pé bí irú rẹ̀ bá ṣe ọmọ ní ilé, ta ni kí ó sọ fún? Kí n tó la ẹnu, ìyá náà dáhùn láti ẹ̀yìn: “Kí ó sọ fún ìyá rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ kò bá gbọ́, kí ó sọ fún tíṣà. Bí tíṣà kò bá gbọ́, kí ó wá sí ìsọ̀ mi.”

Ó dìde, ó padà sí ọjà. Ní ọjọ́ Ajé, ó rán ọmọ rẹ̀ sí mi pé kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orí kẹta.