Àgbáyun: Èso Tó Ń Tan Ahọ́n Jẹ

Èso kan wà nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí kò ju orí ìka lọ. Ó pupa, kóró kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì dùn tó bẹ́ẹ̀. Àgbáyun ni Yorùbá ń pè é.

Àmọ́ kí èèyàn lá a dáadáa, kó tu kóró rẹ̀ dànù, kó wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́nu. Ojú tó ti fún pọ̀ de kíkan á tú ká: adùn ló bá pàdé!

Kí ló fà á?

Lọ́dún 1968, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yọ èròjà puróténì kan jáde látinú èso yìí, wọ́n sì pè é ní miraculin. Ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn. Bí kò bá sí ohun kíkan lẹ́nu, á jókòó jẹ́ẹ́. Gbàrà tí omi kíkan bá kàn án, ahọ́n á ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ṣúgà ti dé. Ó lè tó wákàtí kan kí agbára rẹ̀ tó lọ. Tí wọ́n bá sè é lórí iná, agbára náà bàjẹ́ nìyẹn.

Àwọn olùwádìí ti dán an wò fún àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, tí oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu wọn mọ́. Ó ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìwádìí náà kò tíì pọ̀.

Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kó ṣọ́ra o: ahọ́n nìkan ni àgbáyun tàn, kíkan ọsàn ṣì wà níbẹ̀.