Ìsinmi Kérésìmesì ní Àkókò Àjàkálẹ̀ Àrùn: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Òbí àti Olùkọ́

Nígbà tí a bẹ̀ mí pé kí n wá sọ bí a ti lè pa agbo ilé-ìwé mọ́ nígbà ìsinmi bí àrùn bá gbòde, mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀. Kì í ṣe pé n kò ní ohun tí èmi ìbá wí, ìtìjú ni. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀ràn náà ti di ti àná, níwọ̀n bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé ìpọ́njú kòrónà kò tún jẹ́ pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú-omi gbé àrùn infuluẹ́nsà wọ èbúté Èkó. Láti ibẹ̀ ni ó ti bá ọkọ̀ ojú-irin gòkè lọ sí àwọn ìlú òkè. Àrùn bẹ́ẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó ń yá. Kí sì ni ìsinmi ilé-ìwé, bí kò ṣe pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ tí wọ́n ti jùmọ̀ ń sùn lábẹ́ òrùlé kan yóò túká sí ìlú púpọ̀ ní ọjọ́ kan, tí wọn yóò sì tún padà wá ní ọjọ́ kan?

Ẹ mọ bí ti ọdún 2020 ti rí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ni a rí alárùn kòrónà kìíní ní Nàìjíríà. Nígbà tí ó di oṣù Kẹta, a ti àwọn ilé-ìwé. Nígbà tí ara rọ díẹ̀, a ṣí wọn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá, iye àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn ní ọjọ́ kan ṣoṣo kọjá 1,000 fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pàṣẹ kí ilé-ìwé gbogbo tì ní ọjọ́ 18 oṣù náà. Kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kan ní ilẹ̀ wa nígbà náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú títì náà, ilé-ìwé kan tí mo ń ṣe àlùfáà fún fẹ́ kọ orin Kérésìmesì. Ọ̀gá ilé-ìwé fẹ́ kí a kọ ọ́ lórí pápá ní ọ̀sán. Èmi ni mo kọ̀. Mo ní kí ni orin Kérésìmesì láìsí àbẹ́là àti òru? Ọyẹ́ sì ń fẹ́. Èmi tìkára mi ni mo ní kí a ti àwọn fèrèsé, kí iná àbẹ́là má baà kú. Bí a ti bẹ̀rẹ̀ orin, gbogbo ìbòmú sọ̀ kalẹ̀ sí àgbọ̀n. Ẹni tí ń kọrin sì ń tú èémí jáde ju ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lọ.

Kí Kérésìmesì tó dé, olùkọ́ mẹ́ta ti dùbúlẹ̀. Ọmọkùnrin kan lọ ṣe ọdún lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà. Ara ọmọ náà le koko, àfi ikọ́ díẹ̀. Ìyá àgbà ni a sin kí oṣù Kìíní tó tán. N kò lè búra pé inú gbọ̀ngàn wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọjà àti ọkọ̀ èrò pẹ̀lú kún fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ kí wọn, ọmọ náà fà mí sí ẹ̀yìn ilé, ó bi mí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, Alàgbà, ṣé èmi ni mo pa Màmá?” Mo wí fún un pé kì í ṣe òun. Òótọ́ ni mo wí.

Nítorí náà, ti ọṣẹ àti omi, ẹ ti gbọ́ ọ tó. Ohun tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ ni afẹ́fẹ́ àti ọjọ́. Àrùn yìí lè wà lára ènìyàn fún ọjọ́ méjì títí dé ọjọ́ mẹ́rìnlá kí ó tó fara hàn, ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ mọ̀ pé òun ní in. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ òbí wọn kí wọ́n tó lọ dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ fún àwọn arúgbó. Bí wọ́n bá sì lọ, kí a jókòó sí ìta, lábẹ́ igi. Kò ṣe àjèjì sí Bíbélì: nínú Léfítíkù orí 13, àlùfáà a máa sé ẹni tí a fura sí mọ́ fún ọjọ́ méje kí ó tó tún un yẹ̀ wò.

Èyí tí ó le jù ni ìpadàbọ̀. Òbí a máa fi àìsàn ọmọ pamọ́, nítorí ẹ̀rù owó ilé-ìwé tí a ti san àti ìdánwò tí ń bọ̀. A máa ń wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́, àwa ni a sábà ń kọ́ wọn láti dákẹ́. Kí ilé-ìwé ṣèlérí ní gbangba, kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀, pé ọmọ tí ó bá dúró nílé nítorí àìsàn kò ní pàdánù àyè rẹ̀. Bákan náà ni fún alásè àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà: ẹni tí a ń san owó ojúmọ́ fún yóò wá síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ibà, bí ẹ kò bá san owó ọjọ́ àìsàn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2021, a ṣí ilé-ìwé padà. Ọmọkùnrin náà dé pẹ̀lú àpótí rẹ̀, ó sì kí mi. Láti ọdún náà wá, orí pápá ni a ti ń kọ orin Kérésìmesì, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, láìsí àbẹ́là.