Àfòpiná Funfun Tí Kò Lè Fò

Àfòpiná ṣẹ́dà, Bombyx mori, funfun bí ẹfun. Ara rẹ̀ sanra, irun bò ó, ìyẹ́ rẹ̀ kò sì lè gbé e fò. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí èyí ni ìbátan rẹ̀ inú igbó, Bombyx mandarina, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti erùpẹ̀, tó sì ń fò dáadáa. Ó ti tó nǹkan bí 5,000 ọdún tí àwọn ará Ṣáínà ti ń sin àfòpiná ṣẹ́dà nínú ilé, tí wọ́n ń ṣa èyí tí òwú rẹ̀ bá pọ̀. Níbi tí ẹyẹ kò ti lè rí i jẹ, kí ni àwọ̀ ìsápamọ́ fẹ́ ṣe fún un?

Ẹnìkan lè ní àfòpiná funfun wà nínú igbó pẹ̀lú, bíi Leucoma salicis ti ilẹ̀ Yúróòpù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn ń fò. Àwọ̀ funfun nìkan kọ́ ni ẹ̀rí wa. Àìlèfò wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ènìyàn bá dẹ́kun títọ́jú àfòpiná ṣẹ́dà, kò ní lè dá wà láyé.