Ìlérí Ni Àmì Ọjà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún bá da owó pọ̀ láti fi àdìrẹ ọjà Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, rán àpamọ́wọ́ tà, kí wọ́n má fi ìlẹ̀kẹ̀ àti bàtà kún un. Ohun kan tí a ṣe dáradára ni í sọ àmì ọjà di mímọ̀. Kí wọ́n pín iṣẹ́, kí wọ́n sì kọ àdéhùn èrè sílẹ̀ kí owó tó wọlé. Lékè gbogbo rẹ̀, kí wọ́n fọ aṣọ náà wò kí wọ́n tó gé e. Àpamọ́wọ́ kan tí aró rẹ̀ ràn mọ́ aṣọ funfun oníbàárà yóò ba orúkọ àwọn márààrún jẹ́. Ìlérí ni àmì ọjà. Kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí má yẹ̀ ẹ́.