Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Yẹ̀ Wò Bí Ẹ́ńjìnnì Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Pààrọ̀ Kò Bá Ṣiṣẹ́ Dáadáa

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan, tí í ṣe mẹ́káníìkì, bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Coconut, Àpápá)

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́káníìkì nìkan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ dé ìparí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ wa ni.

Láti Coconut dé Mile 2, láti Tin Can títí wọ inú Ajégúnlẹ̀, ọkọ̀ ni ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Àwọn kan ń wa dánfó, àwọn kan ń fi ọkọ̀ kékeré kó ẹrù, àwọn mìíràn sì ń ta oúnjẹ fún àwọn tí ń wakọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá kú, ọmọ ẹgbẹ́ a wá yá owó, àwọn onígbọ̀wọ́ a sì fọwọ́ sí ìwé fún un. Bí ẹ́ńjìnnì tí a fi owó náà rà bá wá ń gbọ̀n, tí ó ń mísìn, tí kò lágbára, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ẹ́ńjìnnì tí kò dára ni wọ́n tà fún wa, ẹ jẹ́ ká tú u, ká ra òmíràn." Bí ẹ̀yáwó kejì ṣe ń gun orí èkíní nìyẹn, tí àwọn onígbọ̀wọ́ kò sì ní rí oorun sùn mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a mú lọ sílé lónìí. Kí ẹnikẹ́ni tó tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí a kọ́kọ́ yẹ gbogbo ohun tí a fọwọ́ kàn nígbà tí a ń gbé e sínú ọkọ̀ wò, láti orí èyí tí kò náni ní kọ́bọ̀ títí dé orí èyí tí ń náni lówó. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

IBI TÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ TI Ń WÁ

Nígbà tí àwọn ọkọ̀ òkun tí ó kó sìmẹ́ńtì dí èbúté Àpápá pa ní ọdún 1975, ìjọba kọ́ èbúté Tin Can, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1977. Ẹnu èbúté méjèèjì yìí ni púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì Tòkunbọ̀ ń gbà wọlé nínú kọ̀ǹténà, kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Ládìípọ̀ ní Mushin àti àwọn ọjà mìíràn. Kí ẹ́ńjìnnì tó dé ọwọ́ wa, wọ́n ti ro ọ́ìlì inú rẹ̀ dànù, wọ́n ti gé wáyà rẹ̀, wọ́n ti ya páìpù rọ́bà rẹ̀, àwọn sẹ́ńsọ̀ mìíràn sì ti fọ́ níbi tí wọ́n ti ń tò wọ́n lé ara wọn. Nítorí náà, inú ẹ́ńjìnnì lè dára kí ohun tí ó wà lára rẹ̀ má pé.

Ohun mìíràn ni pé orúkọ kan náà kì í ṣe ẹ́ńjìnnì kan náà. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì Toyota tí wọ́n ń pè ní 5S-FE. Òun ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ Camry ọdún 1992 sí 1996, òun náà sì ni ó wà nínú ti ọdún 1997 sí 2001. Ṣùgbọ́n èyí àtijọ́ ń lo distributor láti pín iná fún pọ́lọ́ọ̀gì, nígbà tí èyí tí ó tẹ̀lé e kò ní distributor rárá, kọ́ìlì ni ó ń lò. Bí a bá gbé ọ̀kan sínú ọkọ̀ èkejì láìṣí ohun ara rẹ̀ kúrò, kí a fi ti ọkọ̀ wa sí i, brain box ọkọ̀ yóò máa sọ èdè kan, ẹ́ńjìnnì yóò máa gbọ́ òmíràn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹ má ṣe ta ẹ́ńjìnnì àtijọ́ fún àwọn oní-irin kí èyí tuntun tó ṣiṣẹ́ tẹ́ yín lọ́rùn. Sẹ́ńsọ̀ ara rẹ̀ àti páìpù rẹ̀ lè jẹ́ oògùn tí ẹ ń wá kiri.

BÉÈRÈ KÍ O TÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN

Dókítà tó gbọ́n a kọ́kọ́ bi aláìsàn léèrè. Bákan náà ni ọkọ̀. Bí ó bá ń gbọ̀n nígbà tí ó dúró, tí ó sì ń dára nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, ẹ fura sí afẹ́fẹ́ tí ń gba ibi tí kò yẹ wọlé. Bí ó bá dúró dáadáa ṣùgbọ́n tí kò lè gun bíríjì pẹ̀lú ẹrù, ẹ fura sí epo tí kò dé tó, sí timing, tàbí sí sàléńsà tí ó dí. Bí ó bá ń mísìn ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo, ó ṣeé ṣe kí sílíńdà kan má ṣiṣẹ́. Bí ó bá dára ní òwúrọ̀, tí ó sì ń bàjẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ fura sí kọ́ìlì tàbí sẹ́ńsọ̀. Awakọ̀ tí ó bá lè dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ti ṣe ìdajì iṣẹ́ mẹ́káníìkì.

ÀYẸ̀WÒ MÉJE, NÍ ṢÍṢẸ̀NTẸ̀LÉ

Èkíní, bátìrì àti wáyà earth. Bátìrì tí ó kún tí ó sì wà ní ìsinmi yẹ kí ó fi nǹkan bí volt 12.6 hàn lórí mítà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kí ó wà láàrin 13.8 sí 14.4. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹnu mítà kan lé ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi ìkejì lé orí bátìrì tí earth wà, kí ẹnì kan sì máa sitáàtì ọkọ̀. Bí mítà bá kọjá ìdajì volt, earth kò dára. Wáyà earth tí ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì wà lára ohun tí a tètè máa ń gbàgbé nígbà tí a bá gbé ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Kò náni ju kí a fọ ojú rẹ̀, kí a sì dè é pọ̀.

Èkejì, afẹ́fẹ́. Ẹ wo gbogbo páìpù rọ́bà kéékèèké, èyí tí ó lọ sí bíréèkì, àti rọ́bà ńlá tí ó wà láàrin fílítà afẹ́fẹ́ àti throttle. Ẹ tẹ́tí sí ìró bí ejò tí ń fọ̀n. Ẹ fún páìpù kọ̀ọ̀kan pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ìdúró ọkọ̀ bá yí padà, ẹ ti dé ibẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe wọ́n bẹntiróòlù sí ẹ́ńjìnnì gbígbóná láti wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Iná lè sọ.

Ẹ̀kẹta, iná pọ́lọ́ọ̀gì. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin, ètò iná ni 1, 3, 4, 2. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Volkswagen àtijọ́ tí afẹ́fẹ́ ń tù, tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀, 1, 4, 3, 2 ni tirẹ̀. Bí wáyà méjì bá ṣì ara wọn gbà, kò sí ẹ́ńjìnnì tí yóò dára. Láti mọ sílíńdà tí kò ṣiṣẹ́, ẹ yọ ẹnu wáyà nọ́sùlù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dá a padà. Èyí tí ẹ yọ tí ìró ẹ́ńjìnnì kò sì yí padà, òun ni ọ̀lẹ.

Ẹ̀kẹrin, timing. Kí a tú ìbòrí, kí a sì rí i pé àmì tí ó wà lókè bá àmì tí ó wà nísàlẹ̀ mu. Bí timing belt bá fo eyín kan péré, ẹ́ńjìnnì lè sitáàtì, ṣùgbọ́n kò ní lágbára, yóò sì máa mu epo bí ẹni mu omi.

Ẹ̀karùn-ún, kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ojú ihò mẹ́rìndínlógún kan nísàlẹ̀ ìdí sítíárìn, níbi tí a ti lè fi ẹ̀rọ ka àṣìṣe rẹ̀. P0300 ń sọ pé sílíńdà ń mísìn káàkiri. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. P0335 ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ ìdí ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹlẹ́rìí ni nọ́ńbà wọ̀nyí, wọn kì í ṣe adájọ́. Nọ́ńbà tí ó dárúkọ sẹ́ńsọ̀ kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ni ó bàjẹ́. Ó lè jẹ́ wáyà tí wọ́n gé, tí rẹwáyà kò so dáadáa. Ẹ yẹ wáyà wò kí ẹ tó lọ ra sẹ́ńsọ̀.

Ẹ̀kẹfà, àwọn ohun àtijọ́ tí a kò pààrọ̀. Ẹ́ńjìnnì yí padà, ṣùgbọ́n píńpù epo, fílítà àti táńkì kò yí padà. Ọkọ̀ tí ó dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè ní omi àti ìdọ̀tí nínú epo rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé sàléńsà. Bí ẹ́ńjìnnì tí ó kú bá ti ń jó ọ́ìlì fún ìgbà pípẹ́, èéfín rẹ̀ lè ti dí catalyst inú sàléńsà pa. Ẹ́ńjìnnì tuntun a wá dà bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ bò ní imú. Bí a bá tú sàléńsà níwájú catalyst fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí agbára sì padà dé, a ti mọ ibi tí ọ̀ràn wà.

Èkeje, kọ́ńpíréṣọ̀n. Èyí ni ìdájọ́ ìkẹyìn. Kí ara ẹ́ńjìnnì gbóná, kí a yọ gbogbo pọ́lọ́ọ̀gì, kí a gé iná àti epo, kí a tẹ throttle mọ́lẹ̀, kí bátìrì sì lágbára. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì oní-bẹntiróòlù tí ara rẹ̀ yá máa ń wà láàrin 150 sí 200 psi, sílíńdà tí ó kéré jù kò sì gbọdọ̀ dín sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tí ó pọ̀ jù. Bí ọ̀kan bá kéré, ẹ da ṣíbí ọ́ìlì kan sí i, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá gòkè, ríìngì ti jẹ. Bí kò bá gòkè, ẹ fura sí fáàfù tàbí top gasket. Bí méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá kéré pọ̀, top gasket ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Nígbà yìí nìkan ni ẹnu yín tó gba láti sọ fún olùtajà pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò dára.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní dánfó kan ń gbọ̀n gidigidi bí ó bá dúró gba èrò ní Coconut, ṣùgbọ́n tí ó ń sáré dáadáa lórí ọ̀nà. Ẹnì kan ní ẹ́ńjìnnì ti kú. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ètò yìí yóò wo earth, yóò rí i pé ó dára. Yóò wo afẹ́fẹ́, yóò sì rí páìpù bíréèkì tí ó ya. Rọ́bà kan ṣoṣo ni àìsàn náà, òun ni ìbá sì sọni di onígbèsè ẹ́ńjìnnì kejì. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ OOORU

Gbogbo wa ni a mọ bí tírélà ṣe ń tò síbí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ètò ìpè ọkọ̀ ẹrù sí èbúté ní ọdún 2021. Bí ọkọ̀ bá ń fà díẹ̀díẹ̀ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, fáànù nìkan ni ó ń tu rédíétọ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn ìpààrọ̀, kí a rí i pé fáànù ń ṣiṣẹ́, kí a sì lé afẹ́fẹ́ inú omi jáde pátápátá. Ẹ́ńjìnnì tí ó dára ní òwúrọ̀ lè jó top gasket ní ìrọ̀lẹ́ nítorí afẹ́fẹ́ tí ó há sínú omi.

OHUN TÍ Ó KAN ẸGBẸ́ WA

Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí jálá epo ní Èkó fò láti nǹkan bí náírà 185 kọjá 480 lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ tí ń mu epo láìnídìí ti di olè inú ilé. Èrè tí ó yẹ kí a fi san ẹ̀yáwó ni ó ń jó lọ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a ṣe nǹkan mẹ́rin. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ yá owó ẹ́ńjìnnì mú mẹ́káníìkì àti rẹwáyà rẹ̀ dání lọ sí ọjà. Kí rìsíìtì sọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti iye ọjọ́ tí olùtajà fi gbà kí a dán an wò, kí àyẹ̀wò méjèèje yìí sì parí kí ọjọ́ náà tó pé. Kí a mú nọ́ńbà tuntun lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ láti tún ìwé ṣe, kí ọlọ́pàá má baà sọ awakọ̀ di olè ní ojú ọ̀nà. Èkẹrin, kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó má ṣe fọwọ́ sí owó ẹ́ńjìnnì kejì bí kò bá sí ìwé tí a kọ iye kọ́ńpíréṣọ̀n sílíńdà kọ̀ọ̀kan sí.

Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn kọ́ńpíréṣọ̀n àti èyí tí a fi ń ka kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tí apá ẹgbẹ́ kò ká. Bí a bá ra ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́, tí akọ̀wé ń kọ orúkọ ẹni tí ó yá a lọ àti ọjọ́ tí ó dá a padà, gbogbo wa ni yóò ṣe láǹfààní. Mo gbé àbá náà síwájú alága àti ìgbìmọ̀, kí a lè jíròrò lé e lórí ní ìpàdé tí ń bọ̀.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa lójú ọ̀nà, kí owó tí a fi ẹ̀jẹ̀ kó jọ má ṣe ṣòfò. Àṣẹ.